Yàrá Màmá Lábẹ́ Òkun

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyálé béèrè èémí Màmá kí ó tó gbà láti ṣí ẹnubodè.

“Ẹ jẹ́ kí Màmá tún mí lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni ohùn náà wí láti inú òpó funfun tó léfòó lójú omi. Ojú kan ṣoṣo tó wà lórí òpó náà ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ojú adìẹ tó gbúròó àṣá. “Èyí àkọ́kọ́ kò dọ́gba.”

Abíọ́nà fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà ní ìhà aṣọ omi Màmá. Ẹ̀rọ ìmí tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ náà fa afẹ́fẹ́ wọlé, àyà Màmá gòkè. Ó tú u jáde, àyà Màmá wálẹ̀. Aṣọ àwọn arúgbó ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òfin ní ẹ̀rọ ni kó máa bá a mí lábẹ́ omi.

“Ó ti dọ́gba. Ìgbóná ara náà dára. Orúkọ?”

“Rèbékà Ayédùn. Èmi ni ẹnu wọn.”

“Mo mọ̀ yín, Olùṣọ́ Abíọ́nà. Onílé tó kù ní Ìtùnú jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun náà ló sì wà níwájú mi yìí. Màmá, ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Wákàtí kan ni ẹ ní nínú ilé.”

“Màmá ní àwọn dúpẹ́,” ni Abíọ́nà wí.

Màmá kò dúpẹ́ o. Màmá ti dákẹ́ láti aago márùn-ún ìdájí, lórí ẹní, nínú yàrá wọn tó léfòó ní Agbo Olùṣọ́, kò jà, kò pariwo. Abíọ́nà kò sì tíì sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sáré lọ gbé aṣọ omi, ó wọ̀ ọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ara tó gan, ó tan ìgbóná inú rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń wo àyà tó ń lọ sókè sódò lásán. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn ìbá sọ pé kò lójú àánú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ni onílé lè wọ ilé rẹ̀, òní ni ọjọ́ Màmá, alààyè nìkan sì ni Ìyálé ń ṣílẹ̀kùn fún.

Orúkọ tí ìjọba fún ẹ̀rọ náà gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Àwọn olùṣọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyálé, nítorí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kò rí, kò sì sí ohun tó rí tí kò ní sọ. Òun ló ń ka iye àlejò tó ń wọ Ọgbà Omi Ìtùnú lójoojúmọ́: ogójì ni, kò gbọdọ̀ di mọ́kànlélógójì. Òun ló ń mọ ẹni tó fọwọ́ kan ìkarahun, ẹni tó fẹsẹ̀ rú yanrìn sókè, ẹni tó tutọ́ sómi. Ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, ojú là á mú tó o, ojú Ìyálé sì tó gbogbo rẹ̀.

Ọkọ̀ náà gba ẹnubodè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Níwájú, àwọn àlejò jókòó ní ìlà mẹ́rin. Wọ́n ti fi omi lásán ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí òróró má kù lára wọn, wọ́n sì ti ki ọwọ́ wọn bọ inú ìbọ̀wọ́ tí kò níka, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè já nǹkan mú. Àwọn kan ń juwọ́ sí Màmá. Wọ́n ti sọ fún wọn lébùúté pé onílé tó kẹ́yìn wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni ń wo ère.

Orímisàn tó ń wa ọkọ̀ fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, ó wá sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn tó bẹ́ẹ̀ tí etí Ìyálé kì í fi í débẹ̀. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ni, ó ga, ó sì láwàdà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó tó tutù.

“Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ yín ni, Orímisàn. Ẹ kú ọdún.”

Ó di ọwọ́ òsì Màmá mú. Ó ti tó ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹnu Màmá àti apá ọ̀tún rẹ̀, ìyẹn ni òfin fi gbà kí ọmọ rẹ̀ máa ṣe ẹnu fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn ṣì lágbára. Bí Orímisàn bá kí i, ó máa ń fún un lọ́wọ́ títí tí yóò fi kígbe pé, “Yéè, Màmá, ẹ má kán mi níka!” Lónìí, ọwọ́ náà kò fún un. 

“Ọ̀gá,” ni ó wí.

“Má sọ ọ́, Orímisàn.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ìdájí.”

Ó dá ọwọ́ Màmá padà sórí itan rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ó dìde, ó kọjú sí òkun.

“Bàbá mi náà ní yàrá níbẹ̀,” ni ó wí. “Ilé kẹta sí tiyín.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì dá wa padà.”

Lọ́dún tó kọjá, onílé méjì ló ṣẹ́kù nínú gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé onílé lọ́jọ́ tí òkun gba Ìtùnú: Màmá, àti bàbá Orímisàn. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi pákó ọkọ̀ kan pósí, wọ́n gbé e dé ẹnubodè, wọ́n ní ilé ni àwọn ń gbé e lọ. Abíọ́nà ló dúró níwájú wọn. Ó ní òfin kò gbà kí wọ́n fi ohunkóhun sílẹ̀ sínú Ọgbà, ìbáà ṣe òdòdó, ìbáà ṣe obì, áńbọ̀sìbọ́sí òkú. Ó ní bí a bá ṣe é fún ẹnì kan, a ó ṣe é fún ọgọ́rùn-ún. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, kò sì sí ọjọ́ kan láti ìgbà náà tí òtítọ́ yẹn kò ta á lọ́kàn.

Wọ́n gbé bàbá náà padà, ọkọ̀ dúdú sì wá gbé e lọ sí Ilé Iná. Ibẹ̀ ni gbogbo òkú ará omi ń lọ. Ilẹ̀ ti tán létíkun. Àwọn ará òkè ní ilẹ̀ tí àwọn ní kò tó òkú tiwọn, kí á tó wá sọ ti àlejò. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á gbé ike eérú kékeré kan wá fún ọ, tí kò ju agolo mílíìkì lọ, wọ́n á ní kí o fọwọ́ sí ìwé. Bàbá tó fi ejìká rẹ̀ gbé ọkọ̀ wálẹ̀ sómi, tí ọmọ mẹ́jọ ń pè ní baba, ló wá di ohun tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́ kan.

Kí àrùn tó gba ẹnu Màmá ni ó ti rí irú ike yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó pe Abíọ́nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. “Èmi kì í ṣe ẹran ìyangbẹ,” ni ó wí. “Ẹ má yan mí. Ṣé o ń gbọ́? Ìyá mi, inú ilé ni wọ́n sin ín sí. Bàbá rẹ, inú yàrá mi ni mo sin ín sí, mo sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí omi fi lé wa. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni kí o tẹ́ mi sí.” Abíọ́nà ní òun gbọ́. Irú “mo gbọ́” tí èèyàn ń sọ fún arúgbó kó lè sùn ni, ṣùgbọ́n Màmá gbà á gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn.

“Orímisàn,” ni Abíọ́nà wí báyìí, “bí o bá fẹ́ pe Ìyálé, òun nìyẹn. Mi ò ní bínú sí ọ.”

Orímisàn yíjú padà. Omi ti lé sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tó so aṣọ Màmá mọ́ ti Abíọ́nà.

“Kí lo ń ṣe?”

“Ẹ so Màmá bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín so ó dáadáa.” Ó so ó, ó fà á wò. “Nítorí tiyín kọ́ o. Màmá ló ń fún mi lóúnjẹ nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn. Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe fẹ́ jáde? Èèyàn méjì ló wọlé. Méjì ni Ìyálé máa kà jáde.”

Abíọ́nà ká etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, kò gùn ju apá lọ. “Ohun tó bá wó lábẹ́ omi, ibi tó wó sí ni ilé rẹ̀,” ni ó wí. “Òfin ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e, kí ẹrẹ̀ má bàa rú, kó sì fún ẹja pa. Ògiri yàrá Màmá ti sán. Bí ó bá wó lu arúgbó tó wá wo ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Ìjọba á kọ̀wé, wọ́n á ní ó ṣeni láàánú.”

“Ẹja tó wà nínú yàrá ńkọ́?”

Abíọ́nà fa etí aṣọ rẹ̀ bo ọ̀pá irin náà.

“Àsìkò àwọn akọ ọ̀bọ̀kún nìyí, Ọ̀gá. Ẹyin wà lẹ́nu wọn. Wọn ò ní sá. Ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi torí pé ó ká ìkarahun kan ṣoṣo.”

“Mo mọ ohun tí mo ṣe,” ni Abíọ́nà wí. “Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni?”

Orímisàn mi orí. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ọkọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá gbogbo ojú omi. Àwọn àlejò méjìlá àkọ́kọ́ ti ń tò lẹ́sẹẹsẹ láti bọ́ sódò pẹ̀lú amọ̀nà wọn. Abíọ́nà fa ìbòjú sójú ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Láti ìgbà yìí lọ, etí Ìyálé wà lẹ́nu rẹ̀, nínú ìbòjú yẹn. Kò sí ọ̀nà láti pa á. Ó ti búra fún ara rẹ̀ láti òru pé òun kò ní la ẹnu títí òun yóò fi jáde.

Wọ́n wọmi.

Ẹni tó bá mọ òkun yẹn ní ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ẹrẹ̀ àti epo rọ̀bì mú kó dà bí omi ẹ̀kọ, kò ní gbà pé òun náà ló mọ́ báyìí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń já wálẹ̀ dé orí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja wẹ́wẹ́ ń wọ ojú fèrèsé kan, wọ́n ń gba òmíràn jáde bí àwọn ọmọ iléèwé tó gba ìsinmi. Títì tí Màmá ń gbá láràárọ̀ nígbà èwe rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, koríko omi ti bò ó. Okùn funfun kan gùn láti ilé dé ilé. Òun ni àlejò ń tẹ̀ lé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Abíọ́nà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ta okùn yẹn. Òun ló ka ẹja ní ọdún àkọ́kọ́, tó rí ọ̀bọ̀kún mẹ́rin péré, tó sì sunkún. Lọ́dún yìí iye wọn pọ̀ ju ohun tó lè kà lọ. Òfin ṣiṣẹ́, àwọn ẹja padà wálé. Èèyàn nìkan ni ilé kò gbà mọ́.

Pátákó kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé onílé ti tán, ilé ti di ilé ẹja, àlejò lè wọ̀ ọ́. Pupa túmọ̀ sí pé onílé ṣì wà láyé. Ní gbogbo Ìtùnú, pátákó kan ṣoṣo ló pupa, ìyẹn ti ilé kẹtàdínláàádọ́rin. Ọmọ kì í jogún rẹ̀. Abíọ́nà kò tiẹ̀ sùn nínú ilé náà rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ni òkun dé, inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sá lọ ni wọ́n sì bí i sí, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abíọ́nà.

Ó fa Màmá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ kó má bàa gbá férémù. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ nínú ìbòjú. Kí ló tún lè dun orí náà?

Yàrá náà kéré. Béèdì onírin ti di ilé ìkarahun. Nídìí fèrèsé, sìmẹ́ńtì ibojì bàbá rẹ̀ ṣì gbójú sókè díẹ̀ nínú yanrìn, ìka Màmá ló sì kọ orúkọ sí i nígbà tí sìmẹ́ńtì náà tutù: ÀYÀNFẸ́ MI. Kò kọ orúkọ gidi. Ní igun yàrá, àwọn akọ ọ̀bọ̀kún márùn-ún léfòó sójú kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú rùmúrùmú. Akọ ni í fi ẹnu tọ́ ẹyin nínú ìran wọn. Títí ọmọ yóò fi jáde, kì í jẹun. Wọ́n ń wo Abíọ́nà, wọn kò sì sún.

Ó tẹ́ Màmá sáàárín ibojì àti ògiri. Omi gbé e sókè. Ó tún tẹ́ ẹ, omi tún gbé e. Abíọ́nà tú òjé mẹ́fà kúrò ní bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ há irin béèdì kí òun náà má bàa fò sókè, ó sì ń tò wọ́n lé ìyá rẹ̀ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ méjèèjì, itan méjèèjì, méjì láyà. Màmá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìmí ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń gbé òjé tó wà láyà náà sókè, ó ń gbé e wálẹ̀. Kò lè pa á, torí Ìyálé ń ka èémí. Bí ògiri bá wó, ẹ̀rọ náà á fọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yọ irin. Ó rí ibi tí ògiri ti sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré á tó. Ohun tó kù kò ju kí ó lù ú, kí ó sáré gba ẹnu ọ̀nà, kí ó sì pariwo.

Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á má tan ara wa jẹ. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ yìí tó lè tẹ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ìkẹyìn kó sì kẹ́yìn sí i láìsọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́fun rẹ̀ láti ìdájí. Ó ha eyín mọ́ ọn, eyín kò gbà.

“Màmá,” ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́, “ó dìgbà o. Ó dàrìnnàkò. Ó dojú àlá. Ẹ má jòkùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ.”

Omi ń lọ, ó ń bọ̀ lójú fèrèsé.

“Olùṣọ́ Abíọ́nà,” ni Ìyálé wí létí rẹ̀. “Ta ni ẹ ń dágbére fún?”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Àdúrà ni mo ń gbà,” ni ó wí.

“Kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí.”

Òun náà ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Ìyálé dé, ó ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò nílé tó ti wá. Ìyẹn bí Abíọ́nà nínú. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí a ti í kí ẹni tó ń jẹun, ẹni tó bímọ, ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Nígbà tó kọ́ ọ ní ìdágbére òkú, ẹ̀rọ náà bi í bóyá a lè sọ ọ́ sí alààyè tó ń rìnrìn-àjò. Abíọ́nà ké mọ́ ọn pé, “Rárá o! Èèwọ̀ ni!” Ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n kọ́.

“Mo máa dá ẹ̀rọ ìmí Màmá dúró fún ìṣẹ́jú kan,” ni Ìyálé wí. “Bí wọ́n bá wà láàyè, wọ́n á mí fúnra wọn.”

“Má dá a dúró. Mo bẹ̀ ọ́.”

Àyà Màmá wálẹ̀, ó sì wà níbẹ̀.

Abíọ́nà mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Òun ló pa á lójú dé. Òun ló wọ̀ ọ́ láṣọ, tó gbé e kọ́rùn, tó purọ́ fún ẹ̀rọ àti èèyàn nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú yanrìn, ó tẹjú mọ́ òjé méjì yẹn, ó ń retí pé kí wọ́n gòkè. Ẹ gòkè, ó ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìṣẹ́jú náà gùn ju gbogbo ọjọ́ náà lọ. Nígbà tó pé, ẹkún tó ti ń dì sínú láti ìdájí já lójijì, ó kún inú ìbòjú rẹ̀ tí kò fi ríran mọ́.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Olùṣọ́,” ni Ìyálé wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. “Ọlọ́run á dá ẹ̀yìn sí. Á pẹ́ kí a tó rí irú rẹ̀. Onílé tó kù ní Ìtùnú: kò sí. Ilé kẹtàdínláàádọ́rin ti di ilé ẹja. Ẹ gbé Màmá jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Níta, pátákó ẹnu ọ̀nà yí àwọ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ràn wọ inú yàrá láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sára sìmẹ́ńtì, ó bọ́ sójú Màmá. Wọn kò dúró de ìjọ́ kẹta, wọn kò dúró kí òkú kúrò nílé.

“Mo lè wó ògiri yìí lé e lórí,” ni Abíọ́nà wí. “Ohun tó bá wó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùṣọ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ wó ilé, gbogbo Agbo Olùṣọ́ ni yóò kó kúrò lórí omi yìí. Ọgbọ̀n ilé. Ẹ mọ ìyẹn.”

“Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Olùṣọ́.”

Ó dìde. Ó ronú nípa àwọn ọmọ Orímisàn, mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ, sáàárín àwọn ará òkè tí kò tiẹ̀ fẹ́ òkú wọn pàápàá? Ó ronú nípa ike kékeré, nípa ìwé tí wọ́n á ní kí ó fọwọ́ sí. Ó ní òun gbọ́. Màmá bi í pé ṣé o ń gbọ́, ó sì ní òun gbọ́. Ó gbé irin náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e kọjá èjìká, ó sì fojú sun ibi tí ògiri ti sán. Àwọn ọ̀bọ̀kún kò kúrò lójú kan.

Ìmọ́lẹ̀ kan tàn láti ẹnu ọ̀nà.

Àlejò kan ló dúró níbẹ̀, nọ́ńbà kẹjọ wà láyà rẹ̀. Arúgbó obìnrin ni, ará ibi tó jìnnà. Irun funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú omi. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mọ́kànlá tó kù tò lórí okùn. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ní kí wọ́n má wọ̀ ló rí tí pátákó rẹ̀ di àwọ̀ ewé lójú rẹ̀. Ó rí obìnrin kan tó gbé irin sókè, ó rí ìyá àgbà kan tó sùn nílẹ̀, ó sì rò pé ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbé ayé àtijọ́ han àlejò ni òun dé. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí kò níka lé àyà, ó tẹ orí ba.

“Ẹ kú ilé o,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ wí i, bí ẹni tó ti ń há a sórí bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, láti ìgbà tí òkun ti gba Ìtùnú, kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí onílé. Bí irin bá kan ògiri nísinsìnyí, orí àlejò náà ló máa kọ́kọ́ bà. Abíọ́nà la ẹnu láti ní kí ó jáde. Obìnrin náà kò kúrò níbi tó wà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí wọ́n dá òun lóhùn kí òun tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.

Apá Abíọ́nà wálẹ̀. Ó fi irin náà sí ẹsẹ̀ béèdì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí òjé kúrò lára ìyá rẹ̀, láyà, ní itan, lẹ́sẹ̀, ó so wọ́n padà mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú. Ó gbé Màmá sọ́wọ́. Kò wúwo rárá. Lẹ́yìn náà ó fara mọ́ ògiri kí àyè lè wà fún wọn láti kọjá.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí. “Ẹ máa wọlé.”